Ìṣísẹ̀ Ẹgbàásàn-án

Àwọn àgbà ní bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà á yẹba. Èmi Bọ́sẹ̀ aránṣọ ni alárinà tí kò ríbi yẹba sí. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé Alfa Badrudeen ní Ìsàlẹ̀-Ọba, nílùú Ìwó níbí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, mo máa ń ní oòrùn ló ń pa mí lójú. Irọ́ ni. Ìtìjú ni.

Èmi ni mo fojú Abdulhafeez mọ Kareemah. Ìyá Hafeez ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ̀yìn Kuta ni ilé wọn, lọ́nà oko, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Hafeez ti ń ta fóònù àti aago ọwọ́. Kareemah ni àbíkẹ́yìn Alfa Badrudeen. Ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ló ti ń yan gàrí, gàrí tó gbẹ, tó kan, tó jẹ́ pé bí o bá bu omi sí i díẹ̀, á wú kún abọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Hafeez wá kí n wọn bùbá fún òun, Kareemah sì wá gba híjáàbù tó ní kí n bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀. Hafeez gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n lè fi tépù wọn àyà rẹ̀. Kò rántí sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ mọ́ títí ọmọbìnrin náà fi jáde.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ta nìyẹn?"

"Ọmọ Alfa ni. Gbójú kúrò níbẹ̀."

"Mo ti wò ó tán, Àǹtí. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Kareemah tún dé. Ó ní híjáàbù náà kò jókòó dáadáa. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, n kò rí àbùkù kankan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka tọ́ ìlà tí mo rán.

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n tó wà níbí lánàá yẹn, ojú wọn wọ̀n mí ju tépù yín lọ."

"Ṣé kí n sọ fún un kó má wọ̀n ọ́ mọ́?"

Ó fa híjáàbù bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ o."

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Ìfẹ́ wọn dùn ún wò. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni Hafeez ń wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alfa ni wọ́n ń jókòó sí, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi á wà láàárín wọn, Alfa á sì wà ní yàrá tó ń ka Kùránì. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà bá dákẹ́ jù, Alfa á húkọ́. Kareemah á bu gàrí gbígbóná láti inú agbada sínú àwo pẹlẹbẹ, Hafeez á máa jẹ ẹ́ ní gbígbẹ.

"Ẹ ò ní bu omi sí i ni?"

"Omi á ba adùn ọwọ́ rẹ jẹ́."

Ọkọ mi ti fi mí sílẹ̀ lọ sí Kútọnu láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yìí bí ẹni tó ń yáná nílé onílé. Mo fẹ́ kí ó yẹ wọ́n. Kí ẹ gbàgbọ́ pé mo fẹ́ kí ó yẹ wọ́n.

Ìyá Hafeez, tí a ń pè ní Ìyá Kuta, ni kò fẹ́. Ó ti fi Hafeez ṣèlérí fún Aqeelah, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń rá. Ọjọ́ tí mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ Kareemah, kò ní kí n dìde.

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Bọ́sẹ̀, olójú èéfín lo wá fà á lé lọ́wọ́. Ọlọ́run á bi ọ́."

"Ìyá, ọmọ dáadáa ni. Ọmọ Alfa ni."

"Ṣé Alfa ni yóò máa sùn sílé ọmọ mi ni?"

Hafeez fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyá Kuta bá gbà lẹ́nu, inú rẹ̀ kò gbà. A ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì sí oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ náà ni Hafeez mú aago ọwọ́ kan jáde nínú páálí, aago dúdú tí ojú rẹ̀ ń tàn, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń so. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọbìnrin níwájú Alfa, ló bá nà án sí mi. Mo fẹ́ so ó mọ́ ọwọ́ òsì, bí a ti ń so aago.

Alfa ní, "Ọ̀tún. Ọ̀tún la fi ń gba ohun rere."

Mo so ó mọ́ ọ̀tún.

Hafeez ní, "Ìṣísẹ̀ yòówù kó o gbé, á kà á. Á ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù. Bí mo bá wà ní Ìbàdàn, màá máa rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi. Á dà bíi pé mò ń bá ọ rìn."

Kareemah yí ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìyẹn ni pé ẹ ó máa fi mí ka tẹ̀sùbáà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alfa pàápàá rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan, Ìyá Kuta yọ̀ ṣubú létí odò, ó kán lẹ́sẹ̀. Bàbá tó ń to eegun di ẹsẹ̀ náà, ó ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò pọnmi fún un, Hafeez kò sì lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kareemah ní òun á máa lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Alfa ní kó máa lọ, pé láádà ńlá ló wà nínú ìtọ́jú aláìsàn. Ọ̀kadà tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ní gáréèjì ló ń gùn dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Ó ń fọ abọ́, ó ń fọ aṣọ, ó ń fọ ohun tí ẹnu kò gba orúkọ rẹ̀. Báàfù ló fi ń pọnmi, láti odò dé ilé, ìgbà méje lọ, ìgbà méje bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á di báàfù náà mú lórí bí ó bá ń lọ àti bí ó bá ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Hafeez pè mí. Mò ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Àǹtí, kí ni Kareemah máa ń ṣe ní Ọjọ́rú?"

"Gàrí ló máa ń yan."

"Lórí ìjókòó?"

"Ṣé wọ́n ń yan gàrí lórí ìdúró ní Ìbàdàn ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀rọ ní ó rin ìṣísẹ̀ éètíìn táúsáǹ. Ìrìn láti Ìwó dé Ilé-Ogbó nìyẹn. Mo ti wò ó. Ọkàn rẹ̀ tún ń lù kìkì láago méjì ọ̀sán, bí ọkàn ẹni tó ń sáré, tàbí ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn. Ta ló ní ní Ilé-Ogbó?"

Mo mọ ẹni tó ní ní Ilé-Ogbó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmúdà ni, àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún un, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo dárúkọ rẹ̀. Kí ló sún mi dárúkọ rẹ̀? Ẹnu lásán ni. 

"Ẹ bá mi lọ wò ó ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀," ló ní. "Ẹ má sọ fún un."

Mo lọ. Mo dé ẹ̀yìnkùlé Alfa ní kété tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, mo sì jókòó ti Kareemah títí di ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó wà lórí àpótí nídìí agbada, ó fi àfọ́kù igbá ń tú gàrí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. A sọ̀rọ̀ aṣọ tí n ó rán fún yìgì rẹ̀. Èéfín wọ̀ mí lójú, mo di ojú, oorun sì gbé mi lọ díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ibi tó wà náà ló ṣì wà.

Lọ́jọ́ kan náà, Hafeez tún pè mí. "Éètíìn táúsáǹ, Àǹtí. Lójú yín níbẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ya wèrè. Ojú mi kọ́ ló ń pa irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ wí wọ̀ mí lórí ju ohun tí ojú mi rí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi: báwo ni oorun yẹn ṣe pẹ́ tó?

Hafeez kó ẹbí wá ní ọjọ́ Àìkú. Bàbá Àyàndìran, àbúrò olóògbé bàbá rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Etí bàbá náà ti di díẹ̀, nítorí náà igbe ló ń fi sọ̀rọ̀. A jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Hafeez àti Kareemah ti ń fẹ́ra wọn. Níta, àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́ fún Kareemah. Òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, aago ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ ohun tó o bá wá," ni Alfa wí fún Hafeez.

Hafeez dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. "Bàbá, ẹ má bínú. Ènìyàn ló ń parọ́, ẹ̀rọ kì í parọ́. Ọjọ́rú mẹ́ta léraléra, Kareemah ní orí ìjókòó lòun wà, ẹ̀rọ ní ó rin ìṣísẹ̀ éètíìn táúsáǹ, ìrìn láti ibí dé ọ̀dọ̀ Àmúdà ní Ilé-Ogbó. Ní Jímọ̀, ó ní òun pọnmi ìgbà méje fún màámi, ẹ̀rọ ní kò rìn ju fọ́ọ̀ ọ́ńdìrẹ́ẹ̀dì lọ. Ọjọ́ tó ní òun jókòó ló rìn. Ọjọ́ tó ní òun rìn ló jókòó."

"Eélòó ni ti àkọ́kọ́ yẹn lédè wa?" ni Alfa bi í.

Bàbá Àyàndìran ṣírò ó lórí ìka, ó sì pariwo rẹ̀: "Ẹgbàá mẹ́sàn-án! Ẹgbàásàn-án!"

Mo gbọ́ tí ọ̀bẹ àwọn obìnrin tó wà níta dúró.

Alfa yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Níbo lo rìn lọ?"

"Bàbá, mi ò rìn lọ síbì kankan. Ìdí agbada ni mo wà. Ní Jímọ̀, Kuta ni mo wà."

Wọ́n pe Ìyá Kuta lórí fóònù, Hafeez sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màámi, ṣé Kareemah máa ń wá pọnmi fún yín ní Jímọ̀?"

"Ta ni?"

"Kareemah. Ọmọ Alfa."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Hafeez, ojú kò dùn mí. Mi ò rí ẹnìkankan."

Kareemah fi orúnkún rìn dé ibi tí fóònù wà. "Ìyá, èmi ni o. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wẹ̀ yín, mo yí yín sí apá òsì kí ẹ̀yìn yín má bàa bó. Ẹ ní ọwọ́ mi tutù."

Ọmọ rẹ̀ ni Ìyá Kuta dá lóhùn. Ó ní, "Hafeez, ta lẹ jẹ́ kó máa bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

Nígbà náà ni Kareemah wò mí. N kò ní gbàgbé ojú náà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ó dá a lójú pé mo wà fún òun.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀ wá ní Ọjọ́rú tó kọjá. Wọ́n jókòó tì mí títí di ìrọ̀lẹ́. Àǹtí, ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Alfa fa Kùránì sún mọ́ ara rẹ̀ lórí rẹhálì tó gbé e lé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú pé bí mo bá búra, tí ó wá rí bí ẹ̀rọ ṣe wí ńkọ́? Mo ronú nípa oorun yẹn.

"Mo bá a lórí ìjókòó," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ díẹ̀. Mi ò lè búra."

Kareemah kò wò mí mọ́. Ó dìde, ó lọ ṣàlùwàlá, ó padà wá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì bàbá rẹ̀. Aago náà ń tàn lókè ojú ìwé. Ó búra pé òun kò rìn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kankan, pé Kuta lòun ń lọ ní Jímọ̀, pé bí òun bá parọ́ kí òun má rí ojúrere Ọlọ́run. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

 Alfa ní, "Hafeez, o gbọ́?"

Hafeez ń sunkún. Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń wo fóònù náà. "Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ṣì wà níbí."

Alfa pa Kùránì dé. "Ọmọ mi gbọ́wọ́ lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìwọ ń wo aago. Ẹ dìde. Kò sí yìgì mọ́."

Bí wọ́n ti ń jáde, Kareemah na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. "Ẹ̀yin lẹ so ó. Ẹ tú u."

Mo tú u. Lábẹ́ aago náà, awọ ara rẹ̀ pupa yíká, ó mọ́ ju ibi yòókù lọ.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, orúkọ ti dé ọjà. Kareemah Ẹgbàásàn-án. Bí ó bá gbé gàrí jáde, wọ́n á ní, "Ẹgbàásàn-án, ṣé ẹsẹ̀ ò dùn ọ́?" Bí ó bá jókòó, wọ́n á ní ó ń sinmi ìrìn. Wọ́n á ra gàrí rẹ̀, wọ́n á pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó fi ènì sí i. Ẹbí kan wá láti Ọ̀ṣogbo láti tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn. Wọ́n béèrè ọ̀nà ilé Alfa lọ́wọ́ obìnrin kan, obìnrin náà ní, "Ilé Ẹgbàásàn-án?" Wọ́n bi í ní ìtumọ̀. Wọn kò dé ilé náà rárá. Alfa kò lọ wàásù níbi yìgì ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi, Kareemah ń kí mi bí a bá pàdé, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibòmíràn ló ń rán aṣọ.

Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ Ìyá Kuta kò jiná dáadáa. Aqeelah wá kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó lọ, kò pẹ́ ló lọ ṣègbéyàwó ní Ìlọrin. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, Hafeez ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wálé wá pọnmi fún ìyá rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo bá a tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé? Ṣé ìyá kú ni?"

"Ìyá ò kú, Àǹtí. Èmi ni mo pa ènìyàn." Ó na fóònù sí mi. "Mo gbé báàfù kan náà, mo lọ odò kan náà, ìgbà méje. Ọkàn mi ń lù kìkì, ọrùn ń ro mí. Ẹ wo ohun tó kà."

Irínwó lé díẹ̀ ni.

"Ọwọ́ mi wà lórí báàfù," ló ní. "Ọwọ́ náà ò fì. Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹsẹ̀. Ọwọ́ ló ń wò."

Mo jókòó sílẹ̀. Aago ọwọ́ là ń pè é láti ọjọ́ yìí. Gbogbo wa la ń fi ẹnu pe ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ọwọ́.

"Mo bi màámi pé ta ló ń pọnmi fún wọn nígbà yẹn. Wọ́n ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Wọ́n ní, 'Ọmọ Alfa náà ni. Omi rẹ̀ máa ń mọ́.' Mo ní kí ló dé tí ẹ fi sẹ́ ẹ? Wọ́n ní, 'Èmi kọ́ ni mo pè é lópùrọ́. Aago rẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo kàn gbè é lẹ́sẹ̀ ni.'" Ó fi orí kanlẹ̀. "Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Ẹ̀yin ni alárinà wa."

Mo lọ. Mo bá Kareemah nídìí agbada. Mo fi ọdún méjìdínlógún ju ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún un nínú eérú. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí odò dé orí iṣu. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mo gbọ́," ló wí.

"Ó fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún Alfa. Kareemah, ṣé o ṣì fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn wọn. Ojoojúmọ́ ni, ó sì ń dùn mí." Ó bu gàrí wò, ó dà á padà. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá ní Àlàmísì, láàárọ̀. Kí wọ́n so aago wọn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Kí ẹ̀yin náà wá. Kí ẹ má sùn."

Lọ́jọ́ Àlàmísì náà, Hafeez wọ aṣọ funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alfa, Alfa dáhùn kíkí, ó sì wọ yàrá lọ. Kareemah fi àpótí han Hafeez, ó na àfọ́kù igbá sí i.

"Ẹ yan án."

Ó jókòó, ó ń tú gàrí. Láìpẹ́ ó wo aago, ó sì pariwo. "Ó ń kà! Kareemah, ó ń kà! Mi ò tíì gbẹ́sẹ̀, ó ti lé ní igba!"

"Ẹ má dúró. Yóò jóná."

Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó rò pé ìjìyà ìfẹ́ ni, pé bí òun bá jìyà náà tán, ó parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo ti ń ronú aṣọ tí n ó rán. Bí Kareemah ti ń sẹ́ òmíràn, ló ń dà á sínú agbada fún un. Èéfín gba aṣọ funfun náà. Nígbà tó pé ẹgbàárùn-ún, aago gbọ̀n, ó tàn yẹ́ríyẹ́rí, ó ń kí i kú oríire. Ó nà án sí Kareemah kó wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Kareemah wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹwọ́ Hafeez ti lé ròrò, ọ̀kan ti bẹ́. Ó fi híńkíṣíìfù di í, ó ń bá a lọ.

"Bí mo bá gbé ọ dé Ìbàdàn," ló ń wí, "o ò ní yan gàrí mọ́ láé. Èmi ni n ó máa yan án fún ọ."

Kareemah da òmíràn sínú agbada. Wọ́n kírun ọ̀sán, Hafeez padà sórí àpótí. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ju àfọ́kù igbá sílẹ̀, tó dìde, tí omijé àti èéfín dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Ó pé! Ẹgbàásàn-án! Ó pé, Kareemah!"

"Níbo lẹ rìn lọ?"

"Mi ò rìn lọ síbì kankan. Orí ìjókòó ni mo wà."

"Ta lẹ ní ní Ilé-Ogbó?"

Ó wólẹ̀. "Kò sẹ́nìkan. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Ilé-Ogbó. Mo ti mọ̀."

"Ó wà," ni Kareemah wí. "Àmúdà wà níbẹ̀. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn yóò so yìgì wa. Bàbá mi ní ká má pe ẹnìkankan, kí wọ́n má bàa pe orúkọ yẹn níbẹ̀. Gàrí tí ẹ yan yìí ni mò ń gbé lọ sílé ọkọ."

Mo gbọ́ tí iná ń jó lábẹ́ agbada.  Hafeez ní, "Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, tó ní ìyàwó nílé? Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi mí fún un lẹ́nu, ẹ̀gẹ́ nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ rìn mí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìlú bá yín rìn mí débẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù, òun nìkan ni kò béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀."

"Kareemah, mo bẹ̀ ọ́. Yìgì kò tíì so."

"Mo ti fi Kùránì búra fún yín rí," ló wí. "Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gàrí sínú báàfù. Hafeez fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tó ti bó kan gàrí gbígbóná náà, ó sì fà á padà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń sunkún bí wọ́n ti ń sunkún òkú. Kareemah kò yára, kò sì falẹ̀. Nígbà tí báàfù kún, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ ò sùn lónìí."

"Mi ò sùn."

"Ẹ lè búra?"

 "Mo lè búra. Wàláì, mo lè búra."

"Ó dáa. Ẹ bá mi gbé e rù."

Mo gbé báàfù náà rù ú. Ó wúwo. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú lórí, ó kọjá lára Hafeez láìwò ó, ó sì ń lọ sínú ilé bàbá rẹ̀. Mo la ojú mi méjèèjì, mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí agbada títí ó fi wọlé. Mẹ́tàdínlógún ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Kùránì wá, mo lè búra sí ìyẹn.